Ọmọ Ẹṣin ní Etí Igbó: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Rà Á

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìlọfà bi mí ní ìbéèrè kan lóṣù tó kọjá, mo sì ṣèlérí fún un pé n óò dáhùn rẹ̀ ní gbangba, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ ra ọmọ ẹṣin kan. Mo fẹ́ tọ́ ọ dàgbà, kí n sì máa fi í háyà fún àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó àti ìwúyè. Ṣé ẹṣin lè pẹ́ láyé ní ìlú wa báyìí?"

Ìdáhùn mi ní kúkúrú ni pé ó lè pẹ́. Àmọ́ owó tí a fi ra ẹṣin ló kéré jù nínú ohun tí ẹṣin ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí ni pé nǹkan méjì ló sábà máa ń ba ọmọ ẹṣin jẹ́ ní ilẹ̀ bíi tiwa: eṣinṣin, àti ìkánjú ẹni tó ni ín. Eṣinṣin ní oògùn. Ìkánjú kò ní oògùn kankan àfi kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ara rẹ̀.

Ẹṣin igi pọ̀ lọ́dọ̀ wa

Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa, láti Araromi-Ọ̀pín dé Òsì, láti Ìlọfà dé Odò-Ọwà, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé ẹṣin tí a fi igi gbẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ẹṣin tó ń jẹ koríko lọ. Òsì ni ìlú Àreògún, àgbà agbẹ́gilére tó gbé ayé láti nǹkan bí 1880 títí di 1954. Bándélé ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ọwọ́ Bándélé yìí sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Nínú àwọn ère ńlá tí a ń gbé sórí nígbà ọdún Ẹpa, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti jagunjagun tó jókòó sórí ẹṣin. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tí ẹ bá tún rí i. Ọkùnrin náà tóbi, ojú rẹ̀ le, ẹṣin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì kéré bí ewúrẹ́. Kì í ṣe pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kò mọ bí ẹṣin ṣe rí o. Ipò ni àwọn agbẹ́gilére wa ń fi ìtóbi sọ: ẹni tó ṣe pàtàkì ni wọ́n ń gbẹ́ tóbi. Ẹṣin wà níbẹ̀ láti sọ fún wa pé ẹni tó gùn ún kì í ṣe ọmọ kékeré.

Ibo ni àwọn bàbá wa ti rí ẹṣin tí wọ́n fi gbẹ́ ère? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin láti Ìlọrin máa ń wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Èkìtì. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n fi wa sábẹ́ Ìlọrin, ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé nípa iṣẹ́ ọnà fi ń pe ìlú Àreògún ní Òsì-Ìlọrin títí di òní. Nítorí náà, ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí ojú wa. Ọwọ́ wa ni ó jẹ́ àjèjì sí. A ti ń fi ẹnu gun ẹṣin tipẹ́. Àwa náà la sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń fọ pátákò ẹṣin kò pọ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ mi lónìí sì dá lé èyí.

Eṣinṣin ló ṣòfin

Kí ló dé tí ẹṣin kò fi gbilẹ̀ níhìn-ín bí ó ti gbilẹ̀ ní Kánò tàbí ní Borno? Eṣinṣin kan ni, tí wọ́n ń pè ní tsetse. Ó tóbi díẹ̀ ju eṣinṣin ilé lọ, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì máa ń gun ara wọn lẹ́yìn rẹ̀ bí ojú sísọ́ọ̀sì nígbà tó bá bà. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, akọ àti abo ló sì ń mu ún, kò dà bí ẹ̀fọn tó jẹ́ pé abo nìkan ló ń jẹni. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin: ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà á sì rì sínú ilẹ̀ tútù lábẹ́ òjìji igi. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn etí odò, inú igbó àti ibi tí oòrùn kò ti ń ráyè wọlé.

Eṣinṣin fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ẹṣin. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé láti ara ẹran kan sí òmíràn, orúkọ rẹ̀ ni trypanosome. Àwọn Fúlàní darandaran mọ àìsàn yìí dáadáa, samore ni wọ́n ń pè é. Màlúù kan lè ní in kó sì máa rìn kiri. Ẹṣin kì í lè fara dà á bẹ́ẹ̀. Ibà á mú un, á lọ, á tún padà. Ara á máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun. Abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ á wú, ẹyinjú àti ìdí eyín á funfun nítorí ẹ̀jẹ̀ ti tán. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ikú ni.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ara eṣinṣin yìí. Ọ̀yọ́ fi àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin di ìjọba ńlá nítorí pé ọ̀dàn ni ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ gbalasa tí koríko pọ̀ sí. Síbẹ̀, àtòkè ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn, wọn kò sì lè dẹ́kun rírà, nítorí èyí tó ń kú pọ̀. Robin Law kọ odindi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1980, nípa ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì fi hàn pé ibi tí igbó bá ti bẹ̀rẹ̀, agbára ẹlẹ́ṣin á dínkù níbẹ̀. Ìlọrin náà rí i. Ní nǹkan bí 1840 ní Òṣogbo, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn, láti ìgbà náà ni ọ̀nà ẹlẹ́ṣin sí gúúsù ti dí.

Àwa ńkọ́? Àárín ọ̀dàn àti igbó ni Èkìtì ti Kwara àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ wà. A ti ṣán ọ̀pọ̀ igbó, a ti fi ṣe oko ẹ̀gẹ́, iṣu àti kòkó, eṣinṣin tsetse kò sì ráyè mọ́ bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n igbó etí odò ṣì wà, àwọn màlúù sì ń kọjá. Nítorí náà, ẹ gbọ́ òfin àkọ́kọ́: ẹ má ṣe kọ́ ilé ẹṣin sí etí odò nítorí pé omi wà nítòsí. Ibi gíga tó ṣí sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ni kí ẹ wá. Ẹ ṣán igbó tó yí i ká. Ẹ má jẹ́ kí ó máa jẹko létí odò.

Oògùn wà. Èyí tí a mọ̀ jù ni diminazene, àwọn darandaran sì ń rà á lọ́jà bí ẹni ra Panadol. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ara ẹṣin kò gba oògùn yìí bí ara màlúù ṣe gbà á. Ìwọ̀n tó bá ṣì díẹ̀ lè gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó wọn bí ó ṣe wúwo tó, kí òun fúnra rẹ̀ sì fún un lábẹ́rẹ́. Ohun tí ẹ̀yin lè ṣe nílé ni kí ẹ ra tẹmómítà kan. Ara ẹṣin tó dá máa ń wà láàárín 37.5 àti 38.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ á mọ̀ pé ibà ti wọlé kí ẹṣin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Àìsàn mìíràn wà tí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹni lálẹ́ máa ń gbé kiri, àìsàn ẹṣin ti Áfíríkà ni a ń pè é. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sì ní ìwòsàn. Kí ẹṣin wọ ilé kí oòrùn tó wọ̀, kí ó má sì jáde títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa, èyí ń dín ewu náà kù. Ẹ bi dókítà ẹran nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára fún òun àti fún tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹṣin wà lára àwọn ẹran tí tẹ́tánọ́ọ̀sì tètè ń pa. Ìṣó kan ṣoṣo tó gún un lẹ́sẹ̀ ti tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹnu rẹ̀

Ẹni tó ń ta ẹṣin á sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Kò burú, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì ní kí ó ya ẹnu ẹṣin náà. Bíi ti ọmọ èèyàn, ẹṣin ní eyín wàrà tó ń yọ kúrò. Eyín méjì tó wà láàárín gbùngbùn iwájú ló kọ́kọ́ ń pààrọ̀, ní nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀. Méjì tó tẹ̀ lé wọn ń pààrọ̀ ní ọdún mẹ́ta àbọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ sì ń pààrọ̀ ní ọdún mẹ́rin àbọ̀. Eyín wàrà kéré, ó sì funfun. Eyín àgbà tóbi, ó gùn, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Bí gbogbo eyín iwájú bá ṣì jẹ́ ti wàrà, ẹṣin náà kò tíì pé ọdún méjì àbọ̀, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Ó kàn wá nítorí egungun. Nínú egungun ọmọ ẹṣin, ibì kan wà tó ṣì rọ̀, tí egungun ti ń dàgbà. Ti ẹsẹ̀ ń tètè gan, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn lè má gan tán títí yóò fi pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹni tó bá di gàárì fún ọmọ ọdún kan àbọ̀, tó sì gbé ọkọ ìyàwó tó sanra lé e lórí, ó ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Ẹ kò ní rí i lọ́jọ́ náà. Ẹ ó rí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, tí inú sì ń bí i nígbàkúùgbà tó bá rí gàárì.

Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lọ́mú. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni abo ẹṣin fi ń lóyún, ọmọ rẹ̀ sì ní láti wà lọ́dọ̀ ìyá fún oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ó kéré tán. Lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn ẹṣin yòókù ló ti ń kọ́ ìwà: pé bí o bá bu ẹlòmíràn jẹ, wọn ó ta ọ́ ní ìpá. Ọmọ ẹṣin tí èèyàn nìkan tọ́ kì í mọ ààlà. Ẹran agbo ni ẹṣin, ìdágbé sì ń dùn ún. Bí ẹ kò bá lè ra méjì, ẹ fi ewúrẹ́ kan sínú ọgbà pẹ̀lú rẹ̀, yóò fara mọ́ ọn.

Ikùn tí kò mọ bí a ṣe ń bì

Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ẹ̀yìn nìkan ló lè gbà jáde. Inú rẹ̀ sì kéré sí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a láti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ẹ rí i pé oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ bíi ti ajá kò lè bá a lára mu.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹṣin tó wúwo tó 300 kílò nílò nǹkan bí kílò 5 sí 7 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, nítorí náà kí a tó rí ìwọ̀n yẹn nínú rẹ̀, a ó gé tó kílò 25 tàbí 30. Ẹrù kan tó kún orí nìyẹn, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ òjò. Nígbà òjò, eèsún wà káàkiri, kò sí wàhálà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iná bá ti jó gbogbo ìgbẹ́ láàárín Ekan sí Òsì, kí lẹ fẹ́ fún un? Ẹni tó bá gbọ́n á ti gé koríko ní oṣù kẹwàá, á sá a, á kó o jọ. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà tí a ti sá gbẹ náà dára púpọ̀. Omi, ẹ ka garawa kan sí méjì lójúmọ́, kí ẹ sì máa fọ garawa náà. Ẹ fi iyọ̀ òkúta sí ibi tó ti lè lá a.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilé gàrí kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Májèlé wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lè mú un jẹ, àmọ́ ẹ má ṣe fi ẹṣin dán an wò. Àgbàdo ńkọ́? Ọkà bàbà ńkọ́? Wọ́n dára níwọ̀n, fún ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹṣin bá já okùn lóru, tó wọ inú yàrá àgbàdo, tó jẹ àjẹyó, inú rẹ̀ á wú, pátákò rẹ̀ sì lè gbóná débi pé kò ní lè dúró. Oúnjẹ tuntun yòówù, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì dá a pọ̀ mọ́ ti àtẹ̀yìnwá.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé inú ń run ẹṣin? Á máa yíjú wo ẹ̀gbẹ́ ikùn ara rẹ̀. Á máa fi ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀. Á dùbúlẹ̀, á dìde, á tún dùbúlẹ̀, á máa yí. Kò ní yàgbẹ́. Ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa mú un rìn jẹ́jẹ́ bó bá fẹ́ yí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe da epo pupa sí i lẹ́nu o! Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn. Epo tí a fi tipátipá dà sí ẹnu ẹṣin máa ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, inú rírun tí ì bá lọ ní wákàtí mélòó kan á wá di ikú.

Ẹ̀kọ́: fà, kí o sì dẹ̀

Ó yẹ kí a mọ irú ẹran tí a fẹ́ kọ́. Ẹṣin kì í jà àfi bí kò bá rí ọ̀nà sá. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, àfi ibi méjì: iwájú orí rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá yọ sí i lójijì láti ẹ̀yìn ló ń fojú rí ìpá. Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń bọ̀.

Gbogbo ẹ̀kọ́ ẹṣin dúró lórí ohun kan ṣoṣo. Bí o bá fà á díẹ̀, ara á ni ín. Bí o bá dẹ̀ ẹ́, ara á tù ú. Ohun tó ń kọ́ ni ohun tó ń ṣe ní àkókò tí o dẹ okùn. So okùn mọ́ ọn lórí, fà á jẹ́jẹ́ síwájú, kí o sì dúró. Má jágbá. Ní kété tó bá gbé ẹsẹ̀ kan, àní ìdajì ìṣísẹ̀, dẹ okùn. Ó ti gbọ́. Bí o bá ń fà lọ lẹ́yìn tó ti rìn, ohun tí o kọ́ ọ ni pé ìrìn kò ní èrè. Bí o bá sì dẹ̀ nígbà tó ń fò sókè, o ti kọ́ ọ pé fífò ló ń gbà á là. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní agídí ẹṣin, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ láìmọ̀ ni.

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójúmọ́ tó fún ọmọ ẹṣin. Ẹ parí rẹ̀ lórí ohun tó ṣe dáadáa. Bí ẹ bá ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìyí. Ní ọdún àkọ́kọ́: kí ó gbà kí a fọwọ́ kan òun níbi gbogbo, títí kan etí, abẹ́ ikùn àti inú ẹnu, kí ó gbà kí a so okùn mọ́ òun lórí, kí ó máa tẹ̀ lé ni, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnni. Ní ọdún kejì: kí ó dúró níbi tí a so ó mọ́, kí ó máa rìn yíká ní orí okùn gígùn, kí ó mọ ohùn tó ní "dúró" àti èyí tó ní "ó yá". Lẹ́yìn náà ni aṣọ á gun ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn aṣọ ni gàárì láìsí èèyàn. Lẹ́yìn tó bá ti pé ọdún mẹ́ta, ọmọdékùnrin tí kò wúwo lè gùn ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Títí ayé rẹ̀, kí ẹni tó gùn ún àti gàárì má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ. Ẹṣin 300 kílò, kílò 60 nìyẹn. Ẹ wo ọkọ ìyàwó dáadáa kí ẹ tó gba owó rẹ̀.

Nítorí iṣẹ́ tí ọ̀dọ́kùnrin wa fẹ́ fi ẹṣin ṣe, ẹ̀kọ́ kan wà tó ṣe kókó jù: ariwo. Ibi ayẹyẹ lọ́dọ̀ wa, ìlù á wà, fèrè á wà, ìbọn ṣakabùlà á máa dún, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, àwọn ọmọdé á máa yìnbọn bángà. Ẹṣin tí kò mọ ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀ á já wọ inú èrò, ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Kí ẹnìkan máa lu ìlù níbi tí ẹṣin ti lè gbọ́ ọ àmọ́ tí kò bà á lẹ́rù, nígbà tó bá ń jẹun. Bó bá gbé orí sókè, tó tún padà sí oúnjẹ, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó bá dẹ́kun jíjẹ, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Oṣù púpọ̀ ni iṣẹ́ yìí, kò sì sí ọ̀nà àbùjá.

Pàṣán ńkọ́? Xenophon ará Gíríìsì, tó jẹ́ ọ̀gá ẹlẹ́ṣin, kọ ìwé kan lórí ẹṣin ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ó sì kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí èèyàn má ṣe fi ìbínú bá ẹṣin lò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tó bá dẹ́rù ba ẹṣin, tí a tún nà án nítorí rẹ̀, ohun méjì ni yóò máa bà á lẹ́rù láti ọjọ́ náà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjánu. Oríṣi ìjánu kan wà tó ní òrùka irin tó ń fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó ń ṣiṣẹ́; lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọgbẹ́ ló ń dá sí ẹnu. Ẹ má fi í sí ẹnu ọmọ ẹṣin.

Akọ tó bá ti pé ọdún méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bu èèyàn jẹ, á sì máa dà rú bó bá gbóòórùn abo. Bí ẹ kò bá fẹ́ fi í bímọ, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Iṣẹ́ ayẹyẹ kò nílò akọ gidi.

Ẹsẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀

Pátákò dà bí èékánná, ó ń hù lójoojúmọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ ẹṣin á wọ́. Lójoojúmọ́ sì ni kí ẹ máa yọ ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà òjò, ilẹ̀ ilé ẹṣin tó bá ń rin máa ń jẹ́ kí abẹ́ pátákò jẹrà. Bí ẹ bá gbé e sókè, òórùn rẹ̀ á sọ fún yín. Ẹ ṣa eégbọn kúrò lára rẹ̀, pàápàá nínú etí àti abẹ́ ìrù. Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ọgbà, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin aràn ń gbà padà sí ẹnu rẹ̀. Ìgbẹ́ náà kò sì ṣòfò, ajílẹ̀ tó dára ni fún oko.

Ta ni yóò ṣe é?

Ìbéèrè tó kù nìyí, òun ló sì le jù. Ta ni yóò gé kílò 30 koríko lójúmọ́? Ta ni yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin sókè láàárọ̀ láàárọ̀? Àwọn èèyàn ń wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, wọ́n ń rí àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin nínú aṣọ wọn tó ń dán, wọ́n rò pé ẹṣin nìyẹn. Ọjọ́ kan nìyẹn. Ọjọ́ 364 yòókù wà lọ́wọ́ ẹni tí kámẹ́rà kì í wò.

Àwọn bàbá wa ní Ọ̀yọ́ mọ èyí. Oyè ńlá ni Olókùn-ẹṣin jẹ́ ní ààfin Aláàfin. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: ẹni tó di okùn ẹṣin mú. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó di okùn mú ṣe pàtàkì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ẹṣin tọ́jú ní Ìlọrin jẹ́ Hausa àti Fúlàní, tí bàbá wọn fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. A máa ń fún wọn ní owó táṣẹ́rẹ́, a sì ń pè wọ́n ní ọmọọ̀ṣẹ́. Tèmi ni pé kí ọ̀dọ́kùnrin wa lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó gbé ìgbẹ́, kí ó gé koríko, kí ó sì san owó ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìdáhùn mi rèé. Má tíì ra ọmọ ẹṣin. Lọ kọ́ṣẹ́ ná. Bó o bá padà dé tí ó ṣì wù ọ́, wá ibi gíga tí kò sí létí odò, wá dókítà ẹran tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ kan náà tí o bá pè é, kó koríko ẹ̀ẹ̀rùn jọ kí ẹṣin tó dé. Lẹ́yìn náà, ra èyí tó ti pé ọdún mẹ́rin, tí ẹlòmíràn ti kọ́ dáadáa, kí o fi í ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ìgbà náà ni kó o tó ra ọmọ ẹṣin. Ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré: ọmọ tuntun náà á ní àgbà tí yóò máa wò, ìwọ náà á sì ti ní ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó fa okùn àti ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ ẹ́.

Bó bá jẹ́ pé èrè kíákíá lò ń wá, ra ewúrẹ́ jàre. Ẹni tó bá lè ní sùúrù fún ọdún mẹ́rin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ẹṣin.